Èdè Tó Kù Lẹ́nu Bàbá Ojú Ògiri

Ọjọ́ kẹrin, oṣù kejì

Bàámi ọ̀wọ́n,

Mo kí yín o. Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ kú ìdánìkanwà, ẹ kú ìfaradà orúnkún. Mo mọ̀ pé ẹ ti sọ fún gbogbo àdúgbò pé ọmọ yín ti gbàgbé yín. Mi ò gbàgbé. Iṣẹ́ ni. Ẹ sì ti ní kí n má máa fi fóònù sọ ọ̀rọ̀ tó bá gùn, pé tẹ́ ẹ bá ti gbọ́ ọ tán ẹ kì í rí i tún gbọ́, nítorí náà mo jókòó mo ń kọ ọ́, aṣọ iṣẹ́ ṣì wà lọ́rùn mi.

Wọ́n ti gbé mi kúrò ní ilé ìdáná ilé ìtọ́jú arúgbó wa lọ sí òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, níbi tí àwọn arúgbó tí kò lè dá nǹkan ṣe mọ́ wà. Èmi ni mo ń wẹ̀ wọ́n, mò ń fún wọn lóúnjẹ, mò ń yí wọn lórí bẹ́ẹ̀dì kí ara wọn má baà bó. Bàbá kan wà níbẹ̀ tó jẹ́ ọmọ ilẹ̀ wa. Láti ìgbà ọ̀dọ́ ló ti wà nílẹ̀ òkèèrè níbí. Ó wa rélùwéè títí ó fi fẹ̀yìn tì, ó fẹ́ ọmọ ibí, wọn ò bímọ. Lọ́dún tó kọjá àìsàn kan kọlu ọpọlọ rẹ̀. Nígbà tó máa jí, èdè ibí ti lọ lẹ́nu rẹ̀, ó lọ ráúráú. Tiwa nìkan ló kù. Kò gbọ́ ohun tí ìyàwó rẹ̀ ń sọ mọ́, ìyàwó náà kò sì gbọ́ tirẹ̀ rí. Ògiri ló máa ń kọjú sí, tí yóò máa sọ̀rọ̀ láti àárọ̀. Nínú ara mi, mo ti sọ ọ́ ní Bàbá Ojú Ògiri.

Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ gbé omi ìwẹ̀ wọlé tọ̀ ọ́, mo gbọ́ tó ní, "Pupa, má tíì sùn o. Mo ti dé ẹ̀yìnkùlé." Bàámi, mo gbé abọ́ omi náà sílẹ̀. Ó ti pẹ́ tí mo ti gbọ́ èdè wa lẹ́nu èèyàn tí fóònù ò sí láàárín wa. Mo ní, "Ẹ káàárọ̀ sà." Kò yíjú. Kì í ṣe èmi ló ń bá sọ̀rọ̀.

Ìyàwó rẹ̀ máa ń wá lọ́sàn-án, á gbé aṣọ tó ti lọ̀ dáadáa dání, á jókòó sẹ́yìn rẹ̀. Ó bi mí pé kí ni ọkọ òun ń sọ. Ẹ̀yin náà ẹ wò ó, báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ fún àgbàlagbà obìnrin pé ẹ̀yìnkùlé obìnrin mìíràn ni ọkọ rẹ̀ wà láti àárọ̀? Ṣé a máa ń gbé irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ka ojú àgbà nílé wa ni? Mo ní, "Ẹ̀yin ló ń pè, mà." Obìnrin náà fọwọ́ bo ẹnu, ó bú sẹ́kún, ó sì ń rẹ́rìn-ín lórí ẹkún náà. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ti tán níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ò tán. Dókítà sọ fún un lójú mi pé ó ṣeé ṣe kí èdè tó kù lẹ́nu bàbá jẹ́ èyí tó fi ń ronú láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Obìnrin náà wò ó títí. Ó ní, "Ṣé gbogbo ọdún tó fi jókòó tì mí yìí, èmi ò sí nínú ohun tó ń rò?"

Láti ìgbà náà ni mo ti ń ṣọ́ ara mi. Nínú bọ́ọ̀sì, mo máa ń fẹ́ mú èrò ara mi kí n wo èdè tó wọ̀ sọ́rùn, àmọ́ kí n tó dé ibẹ̀ ó ti sá. Lánàá, ilẹ̀kùn pa mí níka, igbe tó jáde lẹ́nu mi, tibí ni. Àyà mi já ju bí ìka náà ṣe dùn mí lọ. Bàámi, èdè wo lẹ rò pé mo fi ń ronú? Ẹ tètè fèsì.

Èmi ni Àbíkẹ́yìn yín.


Ọjọ́ kọkànlélógún, oṣù kejì

Àbíkẹ́yìn mi,

Mo rí lẹ́tà rẹ gbà. Ara mi le, bí a bá yọ ti orúnkún kúrò. Ìwọ náà kàn kí orúnkún ọ̀hún kọjá bí ẹni ń kí àna tí kò fẹ́ràn. Bíríkìlà ìsàlẹ̀ ilé wa ti dá ayùn mi padà, gbogbo eyín rẹ̀ ló ti wọ́. Mo ní kó má dààmú, ayùn náà ti dàgbà, kò lè ní eyín jù mí lọ.

O bi mí nípa èdè tí o fi ń ronú. Ṣé ẹni tó yẹ kí o bi nìyí? Nígbà tí mo bá òyìnbó kọ́lé, mo kọ́ èdè rẹ̀ mọ ìwọ̀n tí iṣẹ́ gbà: gbé e wá, gé e, kò tọ́, máa lọ sílé. Tí mo bá ti dé ẹnu géètì, ibẹ̀ ni mò ń fi í sí. Ṣùgbọ́n n óò sọ ohun tí mo mọ̀ fún ọ. Láti ìgbà tí ìyá rẹ ti kú, bí mo bá fá igi kan tó dán, mo máa ń sọ nínú mi pé, "Ìwọ wá wo èyí." Mi kì í la ẹnu. Bí ìyẹn kì í bá ṣe èrò, a jẹ́ pé mi ò mọ ohun tí wọ́n ń pè ní èrò. Mi ò rò pé èèyàn kan wà tó ń dá ronú lásán. Ẹnì kan wà tí èrò kọjú sí. Ẹni tí ọkàn rẹ bá ń bá sọ̀rọ̀, èdè onítọ̀hún ni wàá fi ronú. Ta ló ti ilẹ̀kùn mọ́ ọ níka? Bó bá jẹ́ ará ibẹ̀ ni, kò burú kí o fi èdè tó máa gbọ́ kígbe lé e lórí.

Àmọ́ èyí tí o ṣe fún ìyàwó bàbá yẹn kò dùn mọ́ mi nínú rárá. O rò pé ò ń bo ẹnì kan láṣìírí. Àṣírí ta lo bò? Ẹni tó bá ń gba ọ̀rọ̀ sọ fún ẹlòmíràn, ẹnu rẹ̀ kì í ṣe tirẹ̀ mọ́. Irọ́ dà bí ìṣó tó wọlé ní wíwọ́: tí o bá tètè fà á yọ, igi ò ní mọ̀ ọ́n lára. Lọ sọ òtítọ́ fún un kó tó gbà ọ́ gbọ́ jù.

Bàbá rẹ ni.


Ọjọ́ kẹwàá, oṣù kẹta

Bàámi,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Orúnkún ńkọ́? Mo kọ́kọ́ béèrè rẹ̀ lónìí kí ẹ má baà rí ẹ̀sùn kà sí mi lẹ́sẹ̀. Ẹ máa fi omi gbígbóná tẹ̀ ẹ́. Ẹ má sì yá ẹnikẹ́ni ní ayùn mọ́.

Mi ò tíì sọ fún un. Mo gbé ọ̀rọ̀ yín sẹ́nu dé ibẹ̀, ṣùgbọ́n kí n tó lanu, obìnrin náà ti di ọwọ́ mi mú. Ó ní bí ọkọ òun bá ń pe òun láti ọjọ́ yìí wá tí òun ò dáhùn, kí ló máa rò pé òun jẹ́? Ó ní kí n kọ́ òun ní ohun tí òun máa fi dá a lóhùn. Ẹ wo kòtò tí mo gbẹ́ fún ara mi. Mo kọ́ ọ ní èyí tó bá ìpè náà mu: "Mi ò tíì sùn. Wọlé." Ó ń lọ, ó ń bọ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ètè rẹ̀ ń mì bíi ti ọmọdé tí wọ́n rán níṣẹ́. Nígbà tó dá a lójú, ó wọlé lọ bá a, ó sì sọ ọ́.

Bàbá gbọ́ ọ. Ó wá rọra yí kúrò lójú ògiri, Bàámi, ó wo ojú rẹ̀. Láti ọjọ́ tí mo ti dé òkè yẹn, mi ò rí iwájú rẹ̀ rí àfi tí mo bá ń wẹ̀ ẹ́. Ó rẹ́rìn-ín. Ó di ọrùn ọwọ́ ìyàwó rẹ̀ mú, ó ní, "Pupa, ó ti pẹ́ tí mo ti ń kanlẹ̀kùn." Lọ́jọ́ náà ó jẹun tán. Ọ̀gá wa pe àwọn tó kù wá wò ó, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi.

Bá a ṣe ń ṣe é lójoojúmọ́ báyìí nìyẹn. Bàbá á sọ̀rọ̀, ìyàwó á wo ẹnu mi, màá sọ èsì sí i létí, òun náà á sọ ọ́. Ó bi mí pé kí ni Pupa, mo ní orúkọ ìfẹ́ ni. Ó ti ń kun ètè wá báyìí.

Ohun tí kò jẹ́ kí n sinmi nìyí. Èsì tí mò ń wá fún Pupa ti ń wá fúnra rẹ̀. Mo lè dìrọ̀ mọ́ irin nínú bọ́ọ̀sì, kí n sì gbọ́ nínú mi pé, "Kí ló dá a dúró sọ́nà?" Èdè wa ni, ó mọ́ gaara, ìbínú sì wà nínú rẹ̀. Ẹ rántí pé ẹ̀rù ń bà mí pé ó ti ń lọ. Ó ti padà wá o. Mò ń fi èdè wa ronú láti àárọ̀ dalẹ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe èrò tèmi. Èrò obìnrin kan tó ń dúró de èèyàn ni. Lọ́jọ́ ìsinmi mi, mo ti ọjà dé, mo wẹ̀, mo jẹun, ìgbà tí mo wo ẹ̀yìn mo rí i pé mo fi ilẹ̀kùn sílẹ̀ gbayawu. Ì bá ṣe pé mo gbàgbé ni, ì bá dáa. Mo rántí pé mo mọ̀ọ́mọ̀ fi í sílẹ̀. Mo rò ó nínú mi pé ẹrù á pọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, kò ní lè ṣí i.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ohun tí n máa ṣe fún mi.

Àbíkẹ́yìn yín.


Ọjọ́ kejì, oṣù kẹrin

Bàámi,

Mi ò rí èsì yín. Ṣé ara le? Àbí ẹ ń bínú ni? Bí ẹ bá ń bínú, ẹ kọ ìbínú náà sínú ìwé kí ẹ fi ránṣẹ́, n óò kà á.

Lánàá, bàbá béèrè pé, "Ọmọ ńkọ́?"

Ìyàwó rẹ̀ wo ẹnu mi. Mo ti sọ fún yín pé wọn ò bímọ. Mo sọ sí i létí pé, "Ó wà dáadáa," òun náà sọ bẹ́ẹ̀. Bàbá ní, "Ṣé ó ti ń rìn?" Mo ní, "Ó ti ń sáré." Ìyàwó náà tún un sọ, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Bàbá fi ọwọ́ méjèèjì bojú, ó ń sunkún, ó ń dúpẹ́. Ìyàwó náà bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún ayọ̀, kò sì mọ ohun tó ń yọ̀ lé lórí.

Bàámi, níbo ni ọmọ yẹn wà? Ṣé ó yè? Ṣé ó dàgbà, tó ń béèrè bàbá rẹ̀ kiri? Èmi tí mi ò mọ̀ ọ́n rí ni mo ní ó ń sáré. Nígbà tí mò ń gun àtẹ̀gùn ilé mi, ńṣe ni mò ń wo ibi tí mò ń fẹsẹ̀ sí kí n má baà tẹ ọmọ náà mọ́lẹ̀.

Ẹ dá mi lóhùn.


Ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù kẹrin

Àbíkẹ́yìn mi,

Kì í ṣe ìbínú. Ẹ̀rù ló bà mí. Gbogbo ìgbà tí mo bá mú bírò, ó ń ṣe mí bíi pé obìnrin mìíràn ló máa já lẹ́tà náà. Mi ò mọ̀ bóyá ọmọ mi ni mò ń kọ̀wé sí tàbí Pupa. Kí o má bínú sí mi.

Gbọ́ ohun tí mo fẹ́ sọ. Dìde nísinsìnyí, lọ ti ilẹ̀kùn rẹ, kí o tó padà wá ka ìyókù.

Ṣé o ti tì í? Ó dáa. Ìwọ kì í ṣe Pupa. Mo mọ ìyá tó bí ọ, mo mọ ọjọ́ tí o gé irun bèbí onírọ́bà ẹ̀gbọ́n rẹ tí o ní eku ló jẹ ẹ́. Irọ́ tó ń bo èèyàn láṣìírí ti wà lẹ́nu rẹ tipẹ́, èmi àti ìyá rẹ la fi ń rẹ́rìn-ín, a ò sì bá ọ wí. Kò ṣeé fi rẹ́rìn-ín mọ́. Ò ń ronú bíi ti obìnrin yẹn nítorí pé bàbá náà ni ọkàn rẹ ń bá sọ̀rọ̀ látàárọ̀. Yí ọkàn rẹ padà sí ìyàwó rẹ̀ tó jókòó tì ọ́. Òun ló bi ọ́ léèrè ọ̀rọ̀, o ò sì tíì dá a lóhùn.

Ní ti ohun tí dókítà sọ, mi ò kàwé tó o, ṣùgbọ́n mo ti tún ilé tó jóná ṣe rí. Bí iná bá jó yàrá kan nínú ilé oníyàrá méjì, ẹni tó bá wọlé lọ́jọ́ kejì lè rò pé yàrá tó kù nìkan ni onílé ń gbé. Gbogbo ohun tí bàbá yẹn rò sí ìyàwó rẹ̀, èdè ìyàwó náà ló máa fi rò ó, torí òun ló ń rò ó sí. Yàrá yẹn ló jóná. Kì í ṣe pé òfìfo ló wà. Sọ èyí fún un, kí o sì sọ ti Pupa àti ti ọmọ náà. Má fi ẹyọ kan sílẹ̀.

Bàbá rẹ.


Ọjọ́ kejìlá, oṣù karùn-ún

Bàámi,

Mo ti ilẹ̀kùn. Mo sì ti sọ fún un.

Yàrá tí a ń kó aṣọ sí la wà, ó ń ṣa ìbọ̀sẹ̀ bàbá jọ ní méjì méjì. Mo sọ ti Pupa, mo sọ ti ẹ̀yìnkùlé, mo sọ ti ọmọ. Ó gbọ́ mi títí dé òpin. Ó kàn bi mí pé, "Ọmọ tí mo ní ó ń sáré yẹn, ọmọ ta ni?" Mo ní mi ò mọ̀. Ó ki ìbọ̀sẹ̀ kan bọ inú èkejì. Ó ní, "O gbé ẹnu mi yá obìnrin mìíràn."

Bàámi, mo kúnlẹ̀. Kí ni kí n tún ṣe? Wọn kì í kúnlẹ̀ fún ara wọn níbí. Ó rò pé òòyì ló kọ́ mi, ó figbe bọnu, nọ́ọ̀sì sáré dé, wọ́n gbé mi jókòó, wọ́n ń fẹ́ mi ní abẹ̀bẹ̀. Ibi tí mo ti ń bẹ̀bẹ̀ ni wọ́n ti ń wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ mi. Ojú tì mí débi pé mi ò lè sọ ohun tí mò ń ṣe nílẹ̀.

Mo sọ ti yàrá tó jóná náà fún un. Ó rò ó wò díẹ̀. Ó ní, "Ta ló rí ohun tó wà níbẹ̀ kó tó jó?"

Ọ̀gá wa gbọ́ ohun tí mo ṣe, ó ti gbé mi lọ sí yàrá ìlọṣọ nísàlẹ̀. Àwọn tó wà lókè ló ń sọ fún mi. Obìnrin náà ṣì ń wá lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n kò sọ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan ní èdè wa mọ́. Bàbá pè é, pè é, kò dáhùn, bàbá ti kọjú sí ògiri padà. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni ìyàwó náà ń jókòó sí, ó ń fọ ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ń fi èdè tirẹ̀ sọ bí oòrùn ṣe mú àti iye tí wọ́n ń ta bọ́tà fún un. Ó ní ẹ̀yìn ọkọ òun tẹ́ òun lọ́rùn ju ojú tó ń wá ẹlòmíràn lọ.

Pupa ti dákẹ́ nínú mi. Ibẹ̀ wá dá páropáro. Mi ò ì mọ èdè tí màá gbé wọ ibẹ̀.

Àbíkẹ́yìn yín.


Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù keje

Bàámi,

Bàbá Ojú Ògiri ti kú. Kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere.

Ìyàwó rẹ̀ wá bá mi ní yàrá ìlọṣọ, ó gbé báàgì aṣọ rẹ̀ dání. Mo rò pé ó wá ṣépè fún mi ni. Ó ní kí n dákẹ́, kí n má bá òun sọ̀rọ̀, kó má baà dànù. Ó wá lanu, èdè wa ló ń bọ̀. Ó ní lọ́sàn-án ọjọ́ tó kẹ́yìn, bàbá dá yí kúrò lójú ògiri, kò sẹ́ni tó pè é, ó wo òun títí, ó sọ̀rọ̀, ó sì tún un sọ. Òun ti ń pe ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu láti ìgbà náà, nílé, lójú ọ̀nà, níbi ìsìnkú. Kò gbọ́ ẹyọ kan nínú rẹ̀, Bàámi, ṣùgbọ́n gbogbo ohùn rẹ̀ ló pé, kò gbé ọ̀kan gba ibi tí kò yẹ. Ó dà bíi pé bàbá ló dúró níwájú mi:

"Obìnrin yìí mà ṣeun o. Kò fi mí sílẹ̀. Ẹ bá mi sọ fún un."

Áyọ́ọ̀nù jó aṣọ ibùsùn mọ́ mi lọ́wọ́. Mo sọ ìtumọ̀ rẹ̀ fún un, ẹkún ò jẹ́ kí n sọ ọ́ dáadáa. Ó fọwọ́ kàn mí lẹ́rẹ̀kẹ́. Ó ní, "Ọmọ dáadáa ni ẹ́. Bẹ́ẹ̀ náà lo sọ nígbà yẹn, pé èmi ló ń pè." Mo búra. Mo fi ibojì ìyá mi búra. Ó ń mi orí bí ẹni ń rẹ ọmọ lẹ́kún. Ó ní kì í ṣe ìtumọ̀ lòun bá wá, òun ò fẹ́ ìtumọ̀ lọ́wọ́ mi mọ́. Ó ní, "Ṣáà sọ fún mi, ṣé bó ṣe yẹ kí n máa pè é ni mò ń pè é yìí?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mà. Ó tún un pè lẹ́ẹ̀kan sí i, ó gbé báàgì rẹ̀, ó ń pè é lọ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ títí mi ò fi gbọ́ ọ mọ́.

Òtítọ́ ni o. Ohun tó sọ gan-an nìyẹn. Bàámi, ṣé ẹ̀yin gbà mí gbọ́?

Àbíkẹ́yìn yín.


Ọjọ́ kẹtàlélógún, oṣù keje

Àbíkẹ́yìn mi,

Mo gbà ọ́ gbọ́. Ṣùgbọ́n èmi kọ́ ni wọ́n ní kí o sọ ọ́ fún.

Má kọ̀wé sí mi lọ́sẹ̀ yìí. Béèrè ilé obìnrin yẹn, lọ kí i kú ọ̀fọ̀, kí o sì jókòó tì í. Bó bá ń pe ọ̀rọ̀ náà, bá a pè é. Má sọ ìtumọ̀ rẹ̀ fún un àfi tó bá bi ọ́. Tí kò bá bi ọ́, tún lọ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

Bàbá rẹ.